Omi pọ́ǹdù wa ti di ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ẹ̀pìyà ń kú ní ìdájí, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ẹlẹ́ja Ọ̀nà Ìkòyí:

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ará Àjílété àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹja níbi yòówù kẹ́ ẹ wà. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣe é dá rò mọ́ ni mo ṣe gbé e wá síbí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ ní pọ́ǹdù kan lápá ọ̀nà Ìkòyí-Ilé, inú ilẹ̀ la gbẹ́ ẹ sí o, kì í ṣe ti kọnkéré, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sí àbàtà, ẹ̀pìyà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, a wá da àrọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn. Láti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ tí oòrùn sì tún padà mú gan-an lẹ́yìn ẹ̀ ni omi yẹn ti ń yí padà. Ó kọ́kọ́ ní àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn ò bà wá lẹ́rù torí wọ́n máa ń sọ pé irú omi bẹ́ẹ̀ dáa fún ẹ̀pìyà, àmọ́ nígbà tó yá ó ki, ó ń ki sí i, ó wá di bí ẹni da ọ̀dà sí i. Tí atẹ́gùn bá fẹ́, gbogbo ẹ̀ á kó ara ẹ̀ jọ sí igun kan, á nípọn, á máa rùn.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni pé ní ìdájí, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ̀pìyà á wà lójú omi lọ rẹrẹ, wọ́n á máa la ẹnu, òmíràn á ti kú. Àrọ̀ ò ṣe nǹkan kan. Tó bá fi máa di nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ wọ́n á ti wọlẹ̀ lọ, wọ́n á tún máa jẹun bíi pé kò sí n tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹnì kan ló ń wá da nǹkan sómi wa lóru. Ọkùnrin tó ń ta oògùn oko fún wa ní ká ra kọ́pà sọ́lífétì, ẹ mọ̀ ọ́n, èyí aláwọ̀ aró táwọn olóko kòkó ń pò mọ́ láìmù, pé kíá ni omi máa mọ́. Ẹlòmíì tún ní ká má ṣe nǹkan kan, pé oúnjẹ ẹja ni.

Kí ló ń pa ẹja yìí ní ìdájí tí kì í fi í pa wọ́n lọ́sàn-án? Ṣé ká da kọ́pà yẹn sí i? Èyí tó bá kù ńkọ́, ṣé ó ṣe é jẹ, ṣé ó ṣe é tà? Odò kékeré kan wà tó gba ìsàlẹ̀ pọ́ǹdù wa kọjá, òun náà ti ń ní àwọ̀ yẹn, ibẹ̀ làwọn Fúlàní tó ń da màlúù kọjá ti ń fún ẹran wọn lómi, ewúrẹ́ màmá wa náà ń mu níbẹ̀, àwọn ọmọdé ń wẹ̀ níbẹ̀, àwọn kan sì ń pọn ọ́n lọ sílé. Wọ́n ní àwọn máa ń sè é kí àwọn tó mu ún, pé tó bá ti hó, ó ti bùṣe. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

N tí mo gbàgbé: póọ̀tìrì ńlá kan wà lókè wa, oko àgbàdo sì wà láàárín, omi òjò tó bá gba ibẹ̀ kọjá ọ̀dọ̀ wa ló ń dà sí. Bóyá ó kàn án, bóyá kò kàn án.


Bàbá Àrọ̀ Ọ̀yọ́:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o àbúrò, Ọlọ́run á dá èyí tó kù sí. Ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n má lọ bá ẹnikẹ́ni jà o, kò sẹ́ni tó da nǹkan sómi yín. Ẹja tó bá ti ń jà fún èémí ní ìdájí tí ara ẹ̀ sì padà ń yá nígbà tí oòrùn bá ràn, ọ̀rọ̀ ọ́síjìn ni. Májèlé téèyàn dà sómi ò mọ ìdájí yàtọ̀ sí ọ̀sán.

Bó ṣe ń rí nìyí. Nǹkan aláwọ̀ ewé yẹn, ohun abẹ̀mí ni, ó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí ẹyọ kan ẹ̀, tí wọ́n bá pọ̀ ni omi fi ń ní àwọ̀. Lọ́sàn-án, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ ara wọn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni wọ́n ń tú ọ́síjìn sómi, ẹja á máa gbádùn. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọn ò lè ṣe ọ́síjìn mọ́, àmọ́ mímí tí wọ́n ń mí ò dúró, wọ́n á máa fa ọ́síjìn kan náà tí ẹja ń fà, àwọn bakitéríà tó ń jẹ ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ náà ń fà á, gbogbo wọn jọ ń fà á láti àṣálẹ́ títí di ìdájí, kò sì sẹ́ni tó ń dá kankan padà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ló máa ń burú jù. Omi tí ẹ̀pìyà á fi dàgbà dáadáa, ó yẹ kí ọ́síjìn inú ẹ̀ tó mílígíráàmù 5 nínú lítà kan, tó bá ti já sí 2 báyìí ẹ máa rí wọn lójú omi. Ti àrọ̀ yàtọ̀, ó ní ẹ̀yà ara tó fi lè gbé afẹ́fẹ́ mì látòkè omi, ẹ ò rí i pé ó máa ń já sókè nígbà míì? Ìyẹn ló ń gbà á. Ẹ̀pìyà ò ní in.

N tẹ́ ẹ máa ṣe látalẹ́ òní: ẹ má fún wọn lóúnjẹ lọ́jọ́ méjì mẹ́ta. Oúnjẹ tí wọn ò bá jẹ, ńṣe ló ń jẹrà nísàlẹ̀, ẹja tó bá yó sì ń fa ọ́síjìn ju èyí tí ò jẹun lọ. Ẹ wá pọ́ńpù, kódà kẹ́ ẹ háyà ẹ̀, ẹ gbé e sétí omi tó bá di òru kó máa fa omi yẹn, kó máa tú u sókè kó máa já lulẹ̀ padà títí oòrùn á fi ràn, bó ṣe ń já lulẹ̀ yẹn ló ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé. Tí bọ́hóòlù bá wà nítòsí, ẹ máa tú omi ìsàlẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ fi tuntun rọ́pò ẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí omi bọ́hóòlù yẹn já látòkè, torí omi tó ń ti abẹ́ ilẹ̀ jáde kì í sábà ní ọ́síjìn lára. Tí ojú ọjọ́ bá ṣú dùdù ṣúlẹ̀, tàbí tí òjò tútù rọ̀ lálẹ́, ẹ má sùn o. Irú òjò yẹn máa ń ti omi ìsàlẹ̀ tí ò ní ọ́síjìn wá sókè, òru ọjọ́ kan péré ló sì fi ń kó gbogbo pọ́ǹdù lọ.

Èyí tẹ́ ẹ sọ pé omi aláwọ̀ ewé dáa fún ẹ̀pìyà, òótọ́ ni, àmọ́ ó ní ìwọ̀n. Ẹ na apá yín sínú omi tààrà, tí àtẹ́lẹwọ́ yín bá ti sọnù lójú yín kí omi tó dé ìgúnpá, ó ti ki jù.


Ọmọ Fíṣárì Under-G:

Mo kí yín o Bàbá, n tẹ́ ẹ sọ nípa ọ́síjìn pé pérépéré. Ibi kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dá yín dúró, ẹ máà bínú, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ tàbí kí wọ́n fi nylon wé apá kí wọ́n tó kì í bọ omi yẹn, ẹ sì jẹ́ ká ro ibi tí wọ́n máa tú omi tí wọ́n ń fà jáde sí, tó bá jẹ́ inú odò kékeré yẹn náà ni, ẹnu màlúù àti ẹnu ọmọdé ni wọ́n ń tú u sí.

Ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni pé èyí tó ń dà bí ọ̀dà, tó ń léfòó tí atẹ́gùn ń kó jọ sí igun kan, tó sì ń rùn, cyanobacteria ló sábà máa ń jẹ́. Gbogbo ayé ń pè é ní algae, àmọ́ bakitéríà gan-an ni. Ó ti pẹ́ láyé ju gbogbo ewé àti ẹranko lọ, àwọn baba ńlá wọn ló kọ́kọ́ tú ọ́síjìn sínú afẹ́fẹ́ ayé yìí ní ohun tó lé ní bílíọ̀nù 2 ọdún sẹ́yìn, torí náà kì í ṣe ọ̀tá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn kan nínú wọn ń ṣe oró. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú omi aláìníyọ̀ lórúkọ ẹ̀ ń jẹ́ Microcystis, oró ẹ̀ ń jẹ́ microcystin, ẹ̀dọ̀ ló máa ń bá jà. Òmíràn wà tí oró tiẹ̀ ń mú iṣan àti ọpọlọ. Ẹnikẹ́ni ò lè fojú wo omi kó sọ pé olóró ni tàbí kì í ṣe olóró, láàbù nìkan ló lè sọ ọ́, irú kan náà lè má ní oró lónìí kó ní in lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ kàn mú un pé ó ní in títí wọ́n á fi sọ pé kò ní in.

Ọ̀nà kan wà tẹ́ ẹ fi lè mọ̀ bóyá cyanobacteria ni, láìná kọ́bọ̀. Ẹ wá ìgò tàbí ike tó mọ́ gaara, ẹ bu omi yẹn láti abẹ́ díẹ̀, kì í ṣe ojú omi o, kó kún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnu, ẹ dé e, ẹ gbé e síbi òjìji, ẹ má fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ kejì. Tí nǹkan aláwọ̀ ewé yẹn bá kó jọ sókè lójú omi, a jẹ́ pé àfàìmọ̀ ni kò ní jẹ́ òun, torí wọ́n ní àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké nínú ara tí wọ́n fi ń léfòó. Tó bá rọ̀ sísàlẹ̀, algae lásán ló máa jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Tẹ́ ẹ bá ti igi bọ omi, tó bá fa okùn gígùn jáde, ìyẹn ò sábà ní wàhálà, tó bá sì kun igi bí ọ̀dà, ẹ ṣọ́ra.

Ọ̀rọ̀ sísè wá nìyí, èyí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi nínú gbogbo n tẹ́ ẹ bèèrè: MICROCYSTIN Ò GBỌ́ INÁ. Sísè ò lè pa á. Ńṣe ni omi á máa gbẹ, oró á dúró, èyí tó kù nínú ìkòkò á wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ní ìlú Toledo ní Amẹ́ríkà, oró yìí wọ inú omi ẹ̀rọ ìlú látinú adágún Erie, àwọn èèyàn tó tó ìdajì mílíọ̀nù ni wọ́n sọ fún pé wọn ò gbọ́dọ̀ mu omi náà fún ọjọ́ bíi mẹ́ta, wọ́n sì kìlọ̀ gidi pé kẹ́nikẹ́ni má sè é. Ìlú tó ní gbogbo ẹ̀rọ o. Àjọ ìlera àgbáyé WHO ti sọ látọdún 1998 pé omi téèyàn á máa mu lójoojúmọ́ ayé ẹ̀ ò yẹ kó ní ju máíkírógíráàmù 1 lọ nínú lítà kan lára irú microcystin tó wọ́pọ̀ jù. Ẹ wá wo bó ṣe kéré tó.

Ẹ bá wa tètè sọ fún àwọn tó ń pọn omi yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀la.


Nọ́ọ̀sì Tákíè:

Mo fara mọ́ àbúrò yìí gan-an. Láti ọ̀dọ̀ tèmi, n tẹ́ ẹ máa rí lára ọmọ tó wẹ̀ nínú irú omi bẹ́ẹ̀ ni kí ara máa yún un, kó sú, kí ojú pọ́n, tó bá sì gbé e mì, inú rírun, èébì, ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ̀yin òbí ẹ jọ̀ọ́, tí ọmọ bá ń bì tó sì ń ya ìgbẹ́ lẹ́yìn tó wẹ̀ lódò, ẹ sọ fún àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀ pé odò aláwọ̀ ewé ló wẹ̀ sí, ẹ má rò pé kò kàn wọ́n. Kẹ́ ẹ fi omi tó mọ́ ṣan ara ẹ̀ kíá.

Ìtàn kan wà tí mi ò lè gbàgbé látìgbà tí mo ti gbọ́ ọ. Ọdún 1996, ní Caruaru ní Bùràsíìlì, ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́. Omi tí wọ́n fi fọ ẹ̀jẹ̀ yẹn látinú dáàmù tí cyanobacteria ti ya bò ló ti wá, wọn ò sì tọ́jú omi náà bó ṣe yẹ. Àwọn aláìsàn tó lé ní 50 ló kú, ẹ̀dọ̀ wọn ló bàjẹ́. Àwọn tó wá ìwòsàn wá o. Mo ń sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àròsọ àwọn ọ̀mọ̀wé.

Ti ẹran náà kò yàtọ̀. Lọ́dún 2020, erin tó ju 300 lọ ló kú ní Botswana, lápá Okavango, ẹ̀rù ń ba gbogbo ayé pé àwọn ọdẹ ló fún wọn ní májèlé, ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni ìjọba wọn kéde pé oró cyanobacteria tó wà nínú omi tí wọ́n ń mu ni. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí erin, ewúrẹ́ màmá yín ńkọ́? Ẹ so wọ́n mọ́lẹ̀ o.


Ará Sábó tó ti gbé Chad:

Ẹ má fi ẹ̀rù pa wọ́n jù ẹ̀yin èèyàn mi. Mo gbé ní Ǹjàménà dáadáa kí n tó padà sílé. Àwọn obìnrin Kanembu létí adágún Chad, nǹkan aláwọ̀ ewé inú omi yìí kan náà ni wọ́n ń kó, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á dà á sórí iyanrìn kó gbẹ, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, dihé ni wọ́n ń pè é, ọbẹ̀ ni wọ́n fi ń sè, ọjà kún fún un. Mo jẹ ẹ́. Wọ́n ń ta irú ẹ̀ lóyìnbó pé spirulina, owó gọbọi ni. Torí náà ẹni tó ní oúnjẹ ni kò purọ́ pátápátá.


Ọmọ Fíṣárì Under-G:

Òótọ́ lẹ sọ ẹ̀gbọ́n, dihé wà, cyanobacteria sì ni lóòótọ́. Àmọ́ irú tiẹ̀ ọ̀tọ̀ ni, Arthrospira, inú omi oníkáún ló ń gbé, irú omi tó le débi pé ọ̀pọ̀ nǹkan míì ò lè gbé inú ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń dá wà níbẹ̀ tí wọ́n fi lè kó o ní mímọ́, àwọn obìnrin yẹn sì ti mọ omi wọn láti ìran dé ìran. Omi ọ̀nà Ìkòyí kì í ṣe omi oníkáún. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni tó bá ka ohun tẹ́ ẹ kọ yìí má lọ bu tinú pọ́ǹdù ẹ̀ sá sórí iyanrìn o.


Ará Sábó tó ti gbé Chad:

Mo gbà. Mi ò ní kí wọ́n jẹ ẹ́, mo kàn ní gbogbo ẹ̀ kọ́ ló ń pààyàn.


Ẹlẹ́ja Ọ̀nà Ìkòyí:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ ṣé, Ọlọ́run á máa gbọ́ tiyín náà. Mo ti sọ fún ìyá tó sún mọ́ wa jù nísàlẹ̀, ó ní òun á máa lọ sí kànga mọ́ṣáláṣí. A ti gba pọ́ńpù lọ́wọ́ ẹnì kan, alẹ́ àná la gbé e sí i, láàárọ̀ yìí ẹja tó wà lójú omi dín kù púpọ̀. Mo ti gbé ìgò kalẹ̀ sábẹ́ igi mángòrò. Ti kọ́pà yẹn ni ẹnikẹ́ni ò tíì dá mi lóhùn, ọkùnrin yẹn ti gbé e wá, ó ní ká san owó ẹ̀.


Bàbá Àrọ̀ Ọ̀yọ́:

Ẹ dá a padà. Ẹ gbọ́, ẹ dá a padà lónìí. Lóòótọ́ ó ń pa á, ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn. Tó bá pa gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òkú ẹ̀ á rọ̀ sísàlẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, bakitéríà tó ń jẹ ẹ́ á sì fa gbogbo ọ́síjìn tó kù, lọ́sàn-án gangan lẹ máa rí ẹja tó ń kú, pọ́ńpù kan ò sì ní lè gbà á. Omi á mọ́ lóòótọ́, omi tí ò ní ẹja nínú ni. Kọ́pà fúnra ẹ̀ sì ń pa ẹja, pàápàá nínú omi tí ò ní láìmù púpọ̀ lára, ìwọ̀n tó máa pa algae àti ìwọ̀n tó máa pa ẹja sún mọ́ra jù fún ẹni tí ò tíì ṣe é rí.


Ọmọ Fíṣárì Under-G:

Kí n fi kún un: inú ara wọn ni microcystin máa ń wà nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Tẹ́ ẹ bá pa wọ́n lójijì, ara wọn á bẹ́, gbogbo oró á tú sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà, omi tó ń ṣàn lọ bá àwọn èèyàn ìsàlẹ̀ yín á wá mọ́ gaara lójú, wọ́n á rò pé ó ti dáa. Ẹ̀rù irú omi yẹn bà mí ju èyí tó ní àwọ̀ lọ.


Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì Ajáàwà:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ látàárọ̀. Ó dùn mọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dáhùn, àmọ́ ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn ni mo rò pé òun ni gbogbo ọ̀rọ̀, ìyẹn póọ̀tìrì àti oko àgbàdo tó wà lókè. Pọ́ńpù ń gba ẹja là lálẹ́ òní ni, kò kan ohun tó ń bọ́ algae.

Ohun tó ń bọ́ ọ ni fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì àti náítírójìn. Ìgbẹ́ adìyẹ kún fún un, ajílẹ̀ oníyẹ̀fun tí wọ́n ń fọ́n ságbàdo kún fún un, omi ọṣẹ, omi ṣaláńgá, oúnjẹ ẹja tí ẹja ò jẹ tán. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn gbogbo ẹ̀ á kó jọ sórí ilẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ á wá gbá a wọ omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, oòrùn á tẹ̀ lé e, omi ò ṣàn, ó lọ́wọ́ọ́rọ́, n tí cyanobacteria ń fẹ́ láyé nìyẹn. Ẹ wo àsìkò tí ti Ẹlẹ́ja bẹ̀rẹ̀.

Nígbà kan àríyànjiyàn ńlá wà láàárín àwọn onímọ̀ pé èwo gan-an ló fà á. Lọ́dún 1973, ní Ontario ní Kánádà, David Schindler àtàwọn èèyàn ẹ̀ mú adágún kan tí wọ́n ń pè ní Lake 226, ó rí bíi pé ó fún láàárín, wọ́n ta aṣọ ike dí ibi tó fún yẹn títí dé ìsàlẹ̀ kí omi apá kan má ráyè lọ sí èkejì. Wọ́n da náítírójìn àti kábọ́ọ̀nù sí apá méjèèjì, wọ́n wá da fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì kún ti apá kan. Apá tí wọ́n da fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì sí di aláwọ̀ ewé, èkejì ò ní nǹkan kan. Wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ látòkè, mo máa ń fi han àwọn ọmọ kíláàsì mi, kò sí n tí mo lè sọ tó máa wọ̀ wọ́n létí tó bẹ́ẹ̀. Ìdí tí fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì fi jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ ni pé àwọn kan nínú cyanobacteria lè mú náítírójìn látinú afẹ́fẹ́ fúnra wọn, kò sí ibi tí wọ́n ti lè mú fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì látinú afẹ́fẹ́.

Ibi tó wá ń dùn mí nìyí, torí ẹja nìkan kọ́ là ń sọ. Tí algae bá ti bo ojú omi, ìmọ́lẹ̀ ò wọlẹ̀ mọ́, ewé tó fìdí múlẹ̀ nísàlẹ̀ odò á kú, ibẹ̀ sì ni ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí, ibẹ̀ ni ìgbín omi àti àwọn kòkòrò kéékèèké tí ẹja ń jẹ ń gbé. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó ń léfòó, tó yẹ kí wọ́n máa jẹ algae kó má pọ̀ jù, wọn ò lè jẹ Microcystis dáadáa, ó máa ń kóra jọ pọ̀ jù fún ẹnu wọn, oró sì wà lára ẹ̀. Tí ìyẹn bá kú tó rọ̀ sísàlẹ̀, ìsàlẹ̀ ò ní ní ọ́síjìn mọ́, àkèré á kó lọ, ẹyẹ tó ń dọdẹ ẹja á kó lọ. Odò yẹn ṣì wà lójú, àmọ́ kò sí n tó ń gbé inú ẹ̀ mọ́ bí ò ṣe àwọn díẹ̀ tó lè fara dà á. Omi Odò Ọba tí gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ ń gbójú lé, omi Ẹrẹlú ní Ọ̀yọ́, dáàmù Ìkẹ̀rẹ̀ lápá Ìsẹ́yìn, gbogbo ẹ̀ omi tó dúró sójú kan ni, gbogbo n tá a bá dà sílẹ̀ lókè, ibẹ̀ ló ń lọ.

Ohun míì tí wọn kì í sọ fáwọn ẹlẹ́ja: ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ pọ́ǹdù máa ń tọ́jú fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì pamọ́. Tí ọ́síjìn bá ti tán nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ yẹn á tún tú u padà sínú omi. Torí náà tẹ́ ẹ bá dí ti póọ̀tìrì lónìí, ó ṣì lè tún wá lọ́dún tó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti kó ẹja tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fa omi gbẹ, ẹ jẹ́ kí oòrùn pa ilẹ̀ yẹn, ẹ ha ẹrẹ̀ dúdú yẹn kúrò, ẹ kó o lọ sóko àgbàdo tó jìnnà sómi, ajílẹ̀ olówó ni níbẹ̀. Láàárín póọ̀tìrì àti pọ́ǹdù yín, ẹ la kòtò tó máa darí omi òjò gba ibòmíì, kẹ́ ẹ gbin eèsún tàbí koríko tó nípọn gbòòrò sí gbogbo etí omi, á máa sẹ́ èyí tó bá fẹ́ kọjá.

Ó ṣeé ṣe o. Adágún Washington tó wà ní Seattle ní Amẹ́ríkà, omi ìgbẹ́ ìlú ni wọ́n ń dà sí i títí cyanobacteria fi bò ó, láti 1963 sí 1968 ni wọ́n fi darí gbogbo omi ìgbẹ́ yẹn kúrò, láàárín ọdún díẹ̀ omi náà mọ́ padà. Wọn ò da oògùn kankan sí i.


Ìyá Elẹ́ja Gbígbẹ Ọjà Jagun:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ja ni, mò ń yan án. Ẹ ò tíì sọ ti jíjẹ àti títà. Èyí tó kú ní ìdájí yẹn, àwọn kan máa ń gbé e wá bá wa lówó pọ́ọ́kú, ṣé kí n máa rà á?


Nọ́ọ̀sì Tákíè:

Màmá, ẹ má rà á. Ẹ ò mọ ìgbà tó ti kú, ẹ ò mọ n tó pa á. Èyí tó wà láàyè, inú àti ẹ̀dọ̀ ni oró yìí máa ń pọ̀ sí jù, ẹran ara ẹ̀ kì í ní tó bẹ́ẹ̀, torí náà kẹ́ ẹ yọ gbogbo inú ẹ̀ dà nù dáadáa, ẹ má fi sílẹ̀ fún ajá tàbí adìyẹ, ẹ má yan án tinú-tinú bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Yíyan náà ò sì lè pa oró yẹn o, bí sísè ò ṣe lè pa á.


Ọmọ Fíṣárì Under-G:

Ẹ má tíì kó wọn tà báyìí rárá, Ẹlẹ́ja. Ẹ jẹ́ kí omi kọ́kọ́ ṣí, tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ tà á, ẹ kó èyí tẹ́ ẹ fẹ́ tà sínú omi bọ́hóòlù tó mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan ná kí ara wọn lè tú u dànù díẹ̀díẹ̀. Ẹ tún gbé omi yẹn lọ sí láàbù, àwọn tó ń kọ́ nípa ẹja ní yunifásítì LAUTECH ní máíkíróskóòpù, irú tó wà níbẹ̀ ò ní pẹ́ hàn.


Ẹlẹ́ja Ọ̀nà Ìkòyí:

Ìgò yẹn ti dáhùn. Òkè ló kó jọ sí, ìdajì ìka nípọn, ìsàlẹ̀ mọ́. Mo ti dá kọ́pà padà, ọkùnrin yẹn bínú, kò burú. A ti so ewúrẹ́ màmá, bọ́kẹ́ẹ̀tì la fi ń fún wọn lómi kànga. Àwọn Fúlàní yẹn, ọ̀gá wọn gbọ́ Yorùbá, ó ní òun ti rí i rí lápá Kíṣí tí màlúù méjì ṣubú lẹ́yìn tí wọ́n mu irú omi bẹ́ẹ̀, wọ́n ti ń gba òdìkejì. Omi tá à ń fà jáde, a ti la kòtò fún un kó máa lọ sínú igbó koríko lápá ọ̀tún, kò dé odò mọ́.

Ti póọ̀tìrì ló kù. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń lọ bá alága wọn lọ́jọ́ Sátidé, a ò bá ìjà lọ, a máa sọ fún un pé tó bá kó ìgbẹ́ adìyẹ yẹn sápò kó tó di pé òjò ńlá bẹ̀rẹ̀, àwa gan-an á bá a wá ẹni tó máa rà á fún oko iṣu. Olùkọ́, ṣé ẹ lè bá wa ya fọ́tò Lake 226 yẹn síbí? Màá fẹ́ fi hàn án.


Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì Ajáàwà:

Màá gbé e síbí lálẹ́ òní tí iná bá dé. Ẹ mú ìgò yẹn náà dání tẹ́ ẹ bá ń lọ, kẹ́ ẹ dé e dáadáa.